Muslimah Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Dùbúlẹ̀

Láàárín ọwọ́ àwọn èèyàn ni mo ti kọ́kọ́ rí Muslimah. Mo lọ dirun ní ṣọ́ọ̀bù Mọ́mì Delight ní Mowé, mo sì bá èrò ní ẹnu ọ̀nà. Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń gbé ọmọbìnrin kan nàró. Ó ga, ó tín-ín-rín, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Obìnrin kan di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, òmíràn di apá òsì, ẹ̀kẹta gbá a mú ní ìbàdí láti ẹ̀yìn, ọkùnrin kan tó ń ta káàdì ìpè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé orí rẹ̀ sókè bí ẹni gbé ìkòkò. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń wọ́ nílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí, ètè rẹ̀ ti funfun, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n jìnnìjìnnì.

"Ẹ gbé e dáadáa! Ẹ má jẹ́ kó sùn o! Tó bá fi lè sùn báyìí, ó parí!"

Wọ́n ti ki ṣíbí bọ àárín eyín rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń sun ní ètè. Omi tí wọ́n dà lé e lórí ti pò mọ́ irun gígé àti ìfófòó ọṣẹ nílẹ̀, gbogbo wọn sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà náà ni ẹnì kan sáré gbé ìgò kan dé, ó sì ṣí i. Ìtọ̀ màlúù ni, tí wọ́n rẹ ewé tábà àti àlùbọ́sà sí, tó sì ti wà nínú ìgò náà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi ra imú ọmọ náà, wọ́n fi ra ojú rẹ̀, wọ́n sì da ìyókù sí i lẹ́nu. Mo fọwọ́ bo imú, mo sì jáde lọ dúró lẹ́bàá gọ́tà.

Nígbà tí mo padà wọlé, apá ti ro wọ́n, wọ́n sì ti jẹ́ kó wó lulẹ̀ sórí ẹní kan. Kò pẹ́ rárá tó fi lajú.

"Ẹ rí i?" ni ẹni tó mú ìgò wá wí, ó ń nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀. "Àgbo yìí kì í tàsé."

Ọmọ náà dìde jókòó. Ó ń tutọ́, ojú sì ń tì í. Ọmọṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Dárasími bu omi fún un nínú ife tí wọ́n fi ọ̀dà èékánná pupa fa ìlà sí lára. Ó nà án sí i láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni ń fún ajá ní egungun. Mo bi í léèrè ohun tí ìlà náà wà fún.

"Tiẹ̀ ni, mà. A kì í bá a lo ife. Wárápá ló ń ṣe é, itọ́ ẹ̀ sì máa ń ràn."

Kò rẹ ohùn sílẹ̀. Muslimah gbọ́ ọ, ó mu omi náà tán, ó ní, "O ṣeun, Dára."

Ìbàfò ni wọ́n bí i sí, ní ilé ẹbí bàbá rẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn ará Èkó tó wá fi ilé tuntun yí wọn ká. Mùíbì bàbá rẹ̀ ń wa típà tó ń kó yanrìn. Ròkíátù ìyá rẹ̀ ń rán híjáàbù àti aṣọ ilé ìwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí Muslimah wà ní kékeré, kò sí àgbàdo tí wọ́n lè bó nínú ilé kó má gba irun rẹ̀, yóò sì di í ní kọ́lẹ́sẹ̀ àti ṣùkú fínnífínní títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bó ṣe parí ilé ìwé gíráámà ni wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Fúnmi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mọ́mì Delight, torí kò sí onídìrí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀ ní gbogbo Mowé.

Ohun kan ṣoṣo ni Muslimah ń fẹ́ láyé: kó gba fìríìdọ̀mù. Lọ́dọ̀ wa, ọmọṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá tú sílẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ onídìrí kò gbọdọ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbì kankan. Bó bá dá a sílẹ̀, ẹgbẹ́ yóò wá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, wọn yóò sì kó dráyà rẹ̀ lọ. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún tó yẹ kó lò tán nígbà tí mo mọ̀ ọ́n.

Dídákú náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé, lórí ìlà òwúrọ̀, nínú oòrùn. Ó wá pọ̀ sí i ní ṣọ́ọ̀bù Fúnmi, ẹni tó bá sì fi ojú rí ṣọ́ọ̀bù náà kò ní bèèrè ìdí. Ọmọṣẹ́ kì í jókòó níbẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń dúró sẹ́yìn kọ́sítọ́mà, ooru dráyà níwájú, èéfín jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn. Ilé ìgbẹ́ kan ló wà fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí ìlà yẹn. Mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdin ń rìn lára ògiri, omi dúdú kan sì ti yọ dé ẹnu ọ̀nà. Muslimah kò lè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, kì í mu omi láti ìgbà tó bá ti kúrò nílé títí tó fi máa padà. Fúnmi mọ̀. Ilé ìgbẹ́ tirẹ̀ wà nínú ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo rí i yẹn, Fúnmi ránṣẹ́ pe Ròkíátù; mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó dé.

"Ìyá Muslimah, mo fẹ́ràn ọmọ yín. Ọwọ́ ẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n èmi ò lè fún abìwárápá ní fìríìdọ̀mù. Ṣé kó di irin gbígbóná mú lórí kọ́sítọ́mà kó wá ṣubú lé e? Ẹ mú un lọ sílé. Ẹ gbàdúrà sí i."

Ròkíátù jù ú lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ kó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Fúnmi sún sẹ́yìn kí ọwọ́ náà má bàa kàn án, ó sì sún àga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú. Àwa tó wà níbẹ̀ rí i. Obìnrin tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbàfò ti bi ìyá náà ní ìbéèrè bíi méjì, wọ́n sì ti kó oògùn wárápá fún ọmọ. Oògùn náà ń mú un sùn lórí ìdúró, kò sì dá dídákú dúró. Mo mọ dókítà kan tó ń jẹ́ Adébánjí, tó ń wo ọkàn àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó. Mo mú wọn lọ bá a. Kò sáré rárá.

"Ìyá, ṣé ó ti dákú rí níbi tó dùbúlẹ̀ sí?"

Ròkíátù ronú. "Rárá o, dókítà."

"Níbi tó jókòó sí, tó ń jẹun, tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?"

"Rárá. Orí ìdúró ni ṣá."

Ó yíjú sí Muslimah. "Ṣé o máa ń mọ̀ kó tó dé?"

"Mo máa ń mọ̀, sà. Màá máa yán, òógùn tútù á bò mí, etí mi á máa hó, ojú mi á wá ṣú."

"Kí lo máa ń ṣe tó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀?"

"Mo máa ń mú ara le, sà. Ọ̀gá mi ò fẹ́ ká jókòó."

Wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, kò ní àìsàn kankan. Dókítà wá ní òun fẹ́ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì kan tó ń nàró, kí òun lè rí dídákú náà fúnra òun. Ròkíátù padà lọ bá Fúnmi, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

"Tí wọ́n bá ní wárápá ni, mo máa mú ọmọ mi lọ, ẹ ò ní gbọ́ ohùn mi mọ́."

"Tí wọ́n bá ní kì í ṣe òun," ni Fúnmi wí, "màá tú u sílẹ̀. Ọmọ Ọlọ́run ni mí, èmi kì í parọ́."

Ó tẹ̀ lé wa lọ. Iwájú mọ́tò mi ló jókòó sí, ó sọ gíláàsì fèrèsé sílẹ̀, ó sì fi áńkáṣíìfù bo imú láti Mowé dé Èkó.

Yàrá náà tutù, ó sì dákẹ́. Wọ́n dá Muslimah dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi bẹ́líìtì fífẹ̀ dì í ní àyà àti ní orúnkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ pákó kan. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n sì so ohun tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá. Dókítà tẹ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀dì sì gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró tán, bí àkàbà tí wọ́n fi ti ògiri.

"Ohun tí a ń wá ni kó dákú lójú wa," ni Adébánjí wí. "Ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

"Ẹ fẹ́ kó dákú?" ni Fúnmi bèèrè. "Irú ilé ìwòsàn wo wá nìyí? Àwa ń sá fún un, ẹ̀yin ń dúró dè é bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì."

A dúró pẹ́. Muslimah ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ nípa irun tí nọ́ọ̀sì dì, ó ní ẹni tó di í kò ya ìlà rẹ̀ gún. Lẹ́yìn náà ó yán. Ó tún yán. Òógùn yọ lókè ètè rẹ̀.

"Sà, etí mi ti ń hó."

"Má mira. Mo wà níbí."

Nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ìró ọkàn rẹ̀ tí a ń gbọ́ falẹ̀, ó tún falẹ̀, orí rẹ̀ sì wó sí èjìká. Ọwọ́ rẹ̀ já, ẹsẹ̀ rẹ̀ já, ojú rẹ̀ yí.

"Òun náà nìyẹn! Wárápá nìyẹn!" Fúnmi ti fò dìde. "Ẹ gbé orí ẹ̀ sókè! Ẹ má jẹ́ kó sùn! Ìyá Muslimah, kí lẹ̀ ń wò?"

Ròkíátù náà ti nawọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ti tẹ bẹ́ẹ̀dì padà sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí apá ẹsẹ̀ ga ju apá orí lọ díẹ̀. Kí àwọn méjèèjì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Muslimah ti lajú.

"Ẹ má bínú, mà," ló kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀.

Adébánjí fa àga fún wọn, ó sì rọra ṣàlàyé. Ó ní bí ọmọ náà bá dúró pẹ́, ẹ̀jẹ̀ á lọ pọ̀ sí ẹsẹ̀, ọkàn á tún ṣèèṣì dẹwọ́ nígbà tó yẹ kó tètè ṣiṣẹ́, ọpọlọ kò sì ní rí ẹ̀jẹ̀ tó. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó ga tó sì tín-ín-rín máa ń ní in, ọ̀pọ̀ wọn a sì dàgbà kọjá rẹ̀. "Ṣíṣubú ló ń gbà á là. Tí orí àti ẹsẹ̀ bá ti di ọgbọọgba, ẹ̀jẹ̀ á padà sórí, á sì jí. Kò sí oògùn kankan tó jí i lónìí. A kàn tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni."

"Gbígbọ̀n tó máa ń gbọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?" ni Fúnmi bèèrè.

"Ọpọlọ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ ló ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ nàró, wọ́n ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà nìyẹn. Á máa gbọ̀n lọ ni. Ó lè burú gan-an. Ta ló máa ń gbé e nàró?"

Ròkíátù ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé e."

Dókítà kò bá a wí. Ó ní kí wọ́n dá oògùn wárápá náà dúró díẹ̀díẹ̀ bí òun bá ṣe júwe rẹ̀, kí ọmọ máa mu omi púpọ̀, kí wọ́n má ṣe dín iyọ̀ oúnjẹ rẹ̀ kù. Ó kọ́ Muslimah bí yóò ṣe gbé ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì tí yóò sì fún itan pọ̀ bí ara rẹ̀ bá ti ń yí padà. Bí ìyẹn kò bá ràn án lọ́wọ́, kó dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ níbikíbi tó bá wà, kó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Nígbà tí a kọjá Arẹ́po lójú ọ̀nà ilé ni Fúnmi sọ̀rọ̀.

"Dókítà ti sọ tiẹ̀, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́sítọ́mà mi ò sí nínú yàrá yẹn. Ojú wárápá ni wọ́n fi ń wò ó. Mi ò lè ba ọjà mi jẹ́."

"Ẹ ṣèlérí, mà," ni Muslimah wí láti ẹ̀yìn.

"Ṣé èmi lò ń bá wí? Wò ó, wọn ò tíì yọ ẹ̀mí wárápá yẹn lára ẹ."

Mo ti rí ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ wọn, mo sì ti gbóòórùn ìgò wọn. Èyí kó mi nírìíra ju méjèèjì lọ.

Ròkíátù gbé ẹjọ́ náà lọ sí ẹgbẹ́. Wọ́n pàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Ìbàfò, ó sì bẹ̀ mí kí n bá wọn lọ. Alága ẹgbẹ́ ni Màmá Ọmọlabí, àgbàlagbà onílé tí ó ti ń dirun kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó dáyé. Nínú ẹgbẹ́ náà, ọmọṣẹ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró síwájú àwọn ọ̀gá, ọwọ́ lẹ́yìn, kò gbọdọ̀ fara ti nǹkan, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu àfi tí wọ́n bá bi í. Wọ́n ti mú iná lọ. Àwọn fáànù dúró, ooru sì bo gbogbo ibẹ̀.

Fúnmi sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó sọ ti gbígbọ̀n, ó sọ ti ìfófòó ẹnu, ó sọ ti àwọn kọ́sítọ́mà tó sá. Kò sọ ti Èkó.

"Ẹ tú u sílẹ̀ kó lọ máa dirun fún àwọn wèrè," ni ẹnì kan wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Tó bá ń gbọ̀n, ṣebí irun náà á yára parí ni!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tó ń lọ mọ́sálásí ni wọ́n.

Muslimah yán. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì, tó ń fún itan pọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ wò ó! Ó ń gbé ẹsẹ̀ léra níwájú wa! Tú ẹsẹ̀ ẹ ká, aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

Ó tú u ká. Ètè rẹ̀ ti ń funfun. Bó bá dúró síbẹ̀, yóò ṣubú, wọn yóò gbé e nàró, yóò gbọ̀n lójú gbogbo ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ fìríìdọ̀mù yóò sì tán títí láé. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mà," ló wí. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, ó kọjú sókè, ó sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága.

Ariwo sọ. Kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí, kí ọmọbìnrin tó yẹ kó wà lórí ìdúró na àtẹ́lẹsẹ̀ sí àgbà lójú. Àwọn kan ń pariwo ìwọ̀sí, àwọn kan ń pariwo wárápá, àwọn méjì sì sáré wá láti gbé e.

Ròkíátù dúró lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó na híjáàbù rẹ̀ bí aṣọ ìkélé. "Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án! Mo ní ẹ ò ní gbé e! Ẹni tó bá gbé e, èmi àti ẹ̀ ni!"

Láti ilẹ̀, ohùn kan jáde. "Mò ń gbọ́ yín o, mà. Mi ò dákú. Ẹ bi mí ní ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi mí."

Màmá Ọmọlabí tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀. "Kí lò ń ṣe nílẹ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń dá padà sórí, mà. Ó ti lọ sẹ́sẹ̀."

"Ṣé o lè dirun bó o ṣe wà yẹn?"

"Tẹ́ ẹ bá lè gbé orí yín wá, mà."

Alága rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó sì yíjú sí Fúnmi.

"Ìyá ọmọ yìí sọ fún mi pé o bá wọn lọ síbi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé o lọ?"

"Mo lọ, mà."

"Kí lo rí?"

Fúnmi wo ilẹ̀. "Wọ́n gbé e nàró, ó dákú. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó jí."

"Ṣé dókítà ní wárápá ni?"

"Rárá, mà."

"Kí lo wá ń sọ fún wa láti àárọ̀?"

"Ẹnì kankan ò bi mí, mà."

Alága pòṣé. Muslimah ti dìde nígbà náà, àwọ̀ rẹ̀ ti padà. Màmá Ọmọlabí bèèrè àríwísí ẹgbẹ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí Fúnmi gbé síṣọ́ọ̀sì àti kóòmù lé e lọ́wọ́ bí ọ̀gá ṣe ń ṣe. Fúnmi ní ọkàn òun kò gbà á. Alága fi tirẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó sì tú u sílẹ̀ níbẹ̀.

Ròkíátù gbé mínírà tó rà sílẹ̀ láàárọ̀ jáde, ó ń pín in. Àwọn tó rẹ́rìn-ín gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì fi etí aṣọ nu ara ìgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí, wọ́n nù ún dáadáa, kí wọ́n tó mu ún. Mo gbé tèmi sílẹ̀. N kò lè bá wọn mu nǹkan.

Muslimah kò ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Mowé tàbí ní Ìbàfò, níbi tí wọ́n ṣì ń pè é ní abìwárápá. Ìfọ̀ ló wà báyìí, ní ìlà ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọmọṣẹ́ méjì ló sì ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ní àga.